Ilé Ni Mo Wá, Kì Í Ṣe Ọkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí láìpẹ́ yìí, torí ara mi ò tíì balẹ̀!

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi àti Bàbá Dárà ti pínyà? Mo kó ẹrù, mo mú ọmọ mi, mo lọ háyà yàrá kan ní Amùkòkò. Fúláàtì tá a jọ fi owó báńkì rà l'Ápápá, mo fi sílẹ̀ fún un. Lójú tèmi, mo ti bọ́ nìyẹn.

Irọ́ ni! Báńkì pè mí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tá a ti sanwó gbẹ̀yìn, àwọn sì máa tó gba ilé náà. Mo ní kí wọ́n lọ bá ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀. Obìnrin tó pè mí sọ pé orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú ìwé gbèsè náà, pé kò sẹ́ni tó jẹ ìdajì, kálukú wa ló jẹ gbogbo ẹ̀. Ilé tí mo kó gbogbo owó àjọ mi lé lórí? Ó ní àwọn lè ràn wá lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ jọ wá.

Bàbá Dárà ò gbé fóònù. Ni mo bá gba Kírikírì lọ, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ ojú omi.

Háà! Bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe rí mi, inú wọn dùn. "Ọ̀gá, your madam don come back o!" Bàbá àgbà kan tiẹ̀ ti ń bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kí ni mo ṣe? Inú bí mi, mo figbe ta: "Ilé ni mo wá, kì í ṣe ọkọ! Wọ́n fẹ́ gba ilé wa!"

Bàbá Dárà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́, ojú ló ń ti òun tóun ò fi gbé fóònù, kí n má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bàbá Dárà, ìjà wa lọ́tọ̀, ilé lọ́tọ̀."

A jọ lọ sí báńkì. Wọ́n fi kún àsìkò tá a máa fi san án, owó oṣooṣù wá dín kù. A fẹnu kò pé òun á san ti oṣù kan, èmi á san ti èkejì. Òun ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ bi mí bóyá mo sinmi! Gbogbo ìgbà ni mò ń wo fóònù, títí Bàbá Dárà fi pè: "Owó ti wọlé." Ó gé e. Mo bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá jọ ra ilé tẹ́ ẹ sì pínyà, ẹ tètè jọ lọ bá báńkì sọ̀rọ̀. Kíkó ẹrù jáde ò yọ orúkọ yín kúrò nínú gbèsè. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ yára sọ fún mi o, torí oṣù tó ń bọ̀ yìí, èmi ló kàn!