Bí Mo Ṣe Wá Àwòrán Kẹ́hìndé Lọ sí Ìpàtẹ Àwọn Ayàwòrán

Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ohun tí mo lọ wá níbi ìpàtẹ àwọn ayàwòrán tí wọ́n ṣe ní Ìbà, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo ní stúdíò kékeré kan ní Okokomaiko. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, Philosophy ni mo kà. Oyè yẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀ fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Ìyá Ìbejì tó ń ta abọ́ ike ní Ìyànà Ìbà mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Obìnrin ni Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Mo fi Táyé sí ọwọ́ ọ̀tún, mo fi Kẹ́hìndé sí ọwọ́ òsì, mo yà wọ́n. Ìyá wọn ní òun máa padà wá gba fọ́tò náà tí ọjà bá rọlẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, ó wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì, kò níbi tó ń lọ.

Fọ́tò náà lọ. Èmi gan-an ni mo lé e lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó kan ní Navy Town. Káàdì mi ti kún. Ọkàn mi sọ fún mi pé mo ti da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni ọkàn mi pa. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì fi àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ń jẹ ẹran, rọ́pò àwọn ìbejì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ibà mú Kẹ́hìndé. A kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó lọ. Kẹ́hìndé lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ìyá rẹ̀ wá sí stúdíò. Ó ní, "Bọ̀dá Fọ́tò, mo wá gba àwòrán àwọn ọmọ mi. Mi ò ní òmíràn."

Fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì ló ń lò, kò lè ya fọ́tò. Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Èmi sọ ohun tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ. Mo ní kò sí iná. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní ínkì tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní ẹ̀rọ tí a fi ń fọ fọ́tò bà jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí ìwé ìkéde ìpàtẹ náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tó lè wá fọ́tò tó ti sọnù nínú káàdì jáde. Mo fi káàdì sápò, ó di Ìbà.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin kan fi káàdì àlejò kọ́ mi lọ́rùn. "Visual Storyteller" ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ẹni tó ń fi àwòrán sọ ìtàn. Mo bi í bóyá èyí tí wọ́n kọ "ayàwòrán" sí wà. Ó ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ò sí mọ́ o."

Nínú lọ́hùn-ún, ẹni tí kámẹ́rà kò pé méjì lọ́rùn rẹ̀ dà bí ẹni tó wọ ilé onílé. Kò sí ẹni tó ń ya nǹkan kan. Ara wọn ni wọ́n ń yà. Ọkùnrin kan tó dé fìlà dúdú nínú ooru ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle. Ó ní òun kì í ya fọ́tò, pé ṣe ni òun ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tí òun sì ń fún un ní ìtumọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ lọ, ìtumọ̀ bá a lọ.

Lójọ́ mìíràn, èmi ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin tí mo wá wà ní igun ẹ̀yìn, ó wọ ẹ̀wù funfun bíi dókítà. Nígbà tí iná dé, ó gba káàdì mi, ó fi sínú kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti ya nǹkan mìíràn lé e?"

"Ìgbéyàwó kan."

"Ọ̀kan péré?"

"Mẹ́ta."

Ó wò mí bí dókítà ṣe ń wo ẹni tó ti mu agbo fún oṣù mẹ́ta kó tó wá sí ọsibítù. Ó ní kí n jókòó, pé ó máa pẹ́.

Ẹni tí mo bá lórí àga tó tẹ̀ lé tèmi ni Bàbá Sùfí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn tó ṣètò ìpàtẹ náà ló pe Bàbá wá ṣe Bàbá Ọjọ́, wọ́n fi Bàbá síbẹ̀, wọ́n gbàgbé wọn. Bàbá bi mí ohun tí mo wá ṣe. Mo ròyìn fún wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé àwọn ọmọ náà jọra?"

"Wọ́n jọra gan-an, sà."

"Kí lo wá ń wá kiri? Ní ayé tiwa, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a máa ń fi èyí tó kù jókòó lápá ọ̀tún, a yà á. A pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, a tún yà á lápá òsì. A wá fọ méjèèjì pọ̀. Ìyá á gbé e kọ́ sára ògiri."

Mo ní, "Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa rò pé èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀ ni."

"O ò ní sọ fún un ni?"

"Mi ò tíì sọ fún un pé mo pa á rẹ́, sà."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. "Ìyá tó mọ̀ la máa ń yà á fún. Èyí tí kò bá mọ̀, jìbìtì ni."

Dókítà pè mí. Ó ti rí àwọn tó ń jẹ ẹran, ó ti rí kéèkì. Ó wá ṣí ọ̀kan. Aṣọ ẹ̀yìn stúdíò mi ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà orí méjì, irun dídì, iwájú orí, ìpéǹpéjú. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àwọ̀ eérú lásán ló kù. Ó ní ibi tó mọ nìyẹn.

Ó ní kí n má banú jẹ́, pé AI tó wà lórí tábìlì kejì lè parí ojú àwọn ọmọ náà, kí n kàn yan èyí tó bá wù mí. Ó fi ọmọ kan hàn mí tí eyín rẹ̀ funfun ju abọ́ tánganran lọ. Mo ní kó fi orí méjèèjì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kó dà á fún mi bẹ́ẹ̀.

Ìyànà Ìbà ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá Ìbejì ń to abọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ìkankan pamọ́. Ó to abọ́ náà tán.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹ mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀, mà."

Mo ṣàlàyé ọ̀nà Bàbá Sùfí fún un. Ó ronú sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó mú Táyé wá. Táyé jókòó lápá ọ̀tún, mo yà á. Mo ní kó sún sí òsì. Kò sún. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fi bisikíìtì tàn án.

Táyé ní, "Kẹ́hìndé ló ń jókòó síbẹ̀."

A bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá rẹ̀ bá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀dá Fọ́tò. Ẹ fọ èyí tí ẹ rí nínú káàdì fún mi."

Mo fọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò wo eérú yẹn rárá. Ó fi ìka lé orí tó wà lápá òsì. Ó ní, "Òun nìyí. Ẹ wo irun iwájú yìí, kò jẹ́ kí n dì í tán. Ó ń sunkún lọ́jọ́ náà." Ó rọra fi ìborùn rẹ̀ wé fọ́tò náà, ó fa Táyé lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò gùn. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ fọ fọ́tò rẹ̀ sórí bébà. Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń purọ́, ìyá yẹn ń retí ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí, yálà ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò ni tàbí ẹ̀yin lẹ ń dúró dè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á. Àmọ́ ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ìyá Ìbejì ni kí ẹ bá kẹ́dùn.