Àgbo Tí Mo Bá Ọmọ Mi Mu

Bésíbọ́ọ̀lù ni ọmọ mi ọkùnrin fi ń jẹun. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n o, ìpele ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí pé ṣé kò ní lọ ka ìwé dókítà ni, mo ní apòògùn ni èmi, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìwé tí a kà nínú ilé wa ti tó. Wọn ò bi mí mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó wá sinmi lọ́dọ̀ wa ní Duncanville, lókè òkun níbí, nígbà òtútù, ó sì ń lọ síbi ìdárayá kan ní Addison. Tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò bá yá bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí òtútù bá lọ, àwọn tó gbà á síṣẹ́ á ní kó máa lọ. Kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ń ṣẹ́kù sínú àwo ẹ̀ sọ fún mi.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ìbàdàn. Màmá yìí ló wá wẹ ọmọ náà nígbà tí mo bí i, nítorí náà ó lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹ̀. Ó rí i pé kò lè na ọwọ́ gbé àwo láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, egbò igi tó dì sáàárín aṣọ wá ti ń hó nínú ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì.

Mo mọ iṣẹ́ mi. Àwọn tó ń wádìí bóyá eléré ìdárayá lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀ lè dé lọ́jọ́kọ́jọ́ láti gba ìtọ̀ ọmọ mi fún àyẹ̀wò, ohunkóhun tí wọ́n bá sì bá nínú ẹ̀, ọrùn ẹ̀ ló wà. "Mi ò mọ̀" kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Egbò igi ayé àtijọ́ lè má ní wàhálà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á lóde òní, àwọn míì ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ ọn kó lè tètè jẹ́. Ta ló fẹ́ dúró fún wọn?

Màmá bu ife kan, ó tọ́ ọ wò lójú wa kí ọkàn wa lè balẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ náà. Ọmọ mi tó ga bí òpó iná tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wá ń wo ojú mi. Èmi ni mo kọ́ ọ pé a kì í kọ ohun tí àgbà bá fún ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò lè mu ún," ni mo wí.

"Kí ló dé? Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

Mo ṣàlàyé títí, kò wọlé. "Abẹ́rẹ́ òyìnbó lẹ gbà gbọ́," ó ní. "Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ ni ẹ wá ń ṣọ́." Omi ti lé sí i lójú. Tí ife yẹn bá padà sọ́wọ́ ẹ̀, a ó bẹ̀bẹ̀ títí kan Ìbàdàn. Tí ọmọ mi bá sì mu ún, iṣẹ́ ẹ̀ lè bọ́. Mo gba ife náà, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Èmi tí mo bí i, ẹ jẹ́ kí n bá a mu ún," mo sì dà á sọ́fun. Ó korò bí jogbo.

Màmá wò mí, wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, o láyà." Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń mu ún, mi ò sì ní parọ́, orúnkún mi tó ń ro mí tẹ́lẹ̀ fúyẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo mu tèmi tán, Màmá ti wọ yàrá lọ. Ọmọ mi dúró tì mí nídìí síńkì ilé ìdáná. Ó yọ ìgò kékeré kan tó ní rọ́bà lórí nínú báàgì ẹ̀, omi inú ẹ̀ ki bí òróró. Oògùn abẹ́rẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ni. Ẹnì kan níbi ìdárayá ló fún un, ẹni náà ní yóò ti kúrò lára kí àwọn tó ń gba ìtọ̀ tó dé. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí máa ń fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi sọ èyí: "Mọ́mì, ẹ ò lè bá mi mu eléyìí."

Mo gba ìgò náà, mo yẹ rọ́bà ẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ ò tíì kàn án. Gbogbo àkókò tí mò ń ṣọ́ ìkòkò Màmá, inú báàgì ẹ̀ lèyí wà. Mi ò bá a jà. Mo mọ ohun tó ná an kó tó lè fi lé mi lọ́wọ́.

"Tí bọ́ọ̀lù mi ò bá wá yá mọ́ ńkọ́?" ó bi mí.

"Wàá máa bọ̀ nílé," ni mo sọ. "Ta ló lé ẹ?"