Ìlérí Tí A Ṣe Níwájú Àwọn Ẹ̀gbọ́n

Lánàá, ọmọ aládùúgbò mi kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Banikanni, ní ìlú Paraku, ó ń fi òrí ra ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ gbá. Òórùn òrí náà gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń wá awò ojú mi, mo bá jókòó sórí ibùsùn, n kò rántí ohun tí mo ń wá mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa, kò sí ọmọ tó ń wọ pápá Zongo láì fi òrí ra orúnkún àti ojúgun, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, awọ ara rẹ̀ á ṣẹ́kù sílẹ̀. Inú agolo kan náà ni èmi àti Ráìmì ti ń bu òrí tiwa. Ìdí nìyẹn tí òórùn yẹn fi máa ń bà mí nínú jẹ́.

Ráìmì ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn kọjú sí ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn lọ́rì tó ń kó àlùbọ́sà láti Malanville ti máa ń sinmi kí wọ́n tó kọrí sí Kútọnu. Ọmọ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ, a sì fi orí náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rẹ́rìn-ín. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ fi orógùn gbá ọwọ́ òsì náà kúrò nínú àwo oúnjẹ títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí na ẹsẹ̀ òsì, ibẹ̀ sì ni gbogbo àrà wà. Èmi náà mọ̀ ọ́n gbá, n kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n eré sísá ni tèmi. Òye ni tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ló wà ní àdúgbò wa. Àwọn Ẹ̀gbọ́n ni ẹgbẹ́ ńlá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń tajà, tó ti ń wa ọkọ̀, tí àwọn kan nínú wọn ti gbéyàwó. Àwa ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Àwọn Pètí, ọ̀rọ̀ Faransé tí a fi ń pe ọmọ kékeré ní Paraku. Àwa là ń gbé omi wọn, àwa là ń fọ máyò wọn, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ń sinmi láàárín eré, wọ́n á pín ọsàn láti orí ẹni tó dàgbà jù lọ wá sísàlẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èèpo ló máa ń kù. A ń fi eyín họ èèpo náà, inú wa sì ń dùn, torí a mọ̀ pé lọ́jọ́ kan àwa náà á dẹni tó ń jẹ ọsàn. Bí gbogbo nǹkan ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Ẹni tó ṣáájú ló ń ṣáájú.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni Àwọn Ẹ̀gbọ́n ti ń pàdánù. Wọ́n pàdánù nílé, wọ́n pàdánù lẹ́yìn odi. Ẹsẹ̀ wọn ti wúwo. Ìnira ọjà, ìrìn àjò àti ọbẹ̀ ìyàwó ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá kan tó ń din àkàrà létí pápá ní bí ẹnu ọ̀nà ilé òun bá ṣí sílẹ̀ tó góòlù Zongo, olè ì bá ti kó òun tán. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìtìjú ni. Àwọn Pètí ní tiwọn kò pàdánù rárá. Ráìmì ń gbá a wọlé, èmi náà ń gbá a wọlé. Bí ìbéèrè náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn, ní ìdí àkàrà àti ní ìdí lọ́rì. Ṣé kí wọ́n mú àwọn ọmọ méjì yìí gòkè ni, àbí kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbó?

Fún èmi, ọ̀rọ̀ iyì ni. Fún Ráìmì, ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ ni. Wọ́n ti sọ fún wa pé ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Kútọnu wá wo eré ìkẹyìn wa nínú ìdíje àwọn àdúgbò. Ó ń wá ọmọ tí yóò mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù àti ìwé pọ̀, láìgba owó lọ́wọ́ òbí. Àyè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Eré àwọn àgbà nìkan ló sì máa wò. Kò ráyè ti Àwọn Pètí. Bàbá Ráìmì ti sọ tirẹ̀ ní gbangba: bí ọyẹ́ bá lọ tí bọ́ọ̀lù ò mú nǹkan kan wá, Ráìmì á fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, á sì bá àbúrò òun gun lọ́rì àlùbọ́sà. Ráìmì fẹ́ràn ìwé. Ẹ̀rù lọ́rì yẹn sì ń bà á gan-an, torí ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí táyà gun ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan níwájú ilé wọn.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sùlé ni wọ́n ti jókòó sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìrun Alásárì. Télọ̀ ni Bàbá Sùlé, òun náà ló ń kọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ní bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń lẹ máyò tó bá ya. Èmi àti Ráìmì wà níta lábẹ́ fèrèsé, à ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá Sùlé ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Wàhábù, tó jẹ́ balógun Àwọn Ẹ̀gbọ́n, dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ká ní bí wọ́n ṣe ń fi òwe gbá ara wọn yẹn ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni, ẹgbẹ́ wo ni ì bá nà wọ́n ní Paraku? Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ènìyàn burúkú ni Wàhábù. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e mú ọgbọ́n dání.

“Ẹ rántí àbúrò mi,” ló wí. “Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá la mú un wá sáàárín wa. Egungun rẹ̀ ò tíì gbó. Eré ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n dá a lẹ́sẹ̀. Títí dòní, ó ń tiro.”

Ohùn Bàbá Sùlé la gbọ́ tẹ̀ lé e. “Àbúrò rẹ dùn mí ju bó o ti rò lọ. Ṣùgbọ́n bá a bá dúró títí tí àwọn wọ̀nyí á fi gbó, ta ni yóò kù tí wọ́n á bá gbá?”

Ó pẹ́ kí wọ́n tó pè wá wọlé. A lóṣòó síwájú wọn. Wàhábù ló sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn á mú wa gòkè fún eré ìkẹyìn, torí Bàbá Sùlé bẹ àwọn. “Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, kódà lórí pápá. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti pe bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ yín, kíá, ẹ fún un. Dakọ́ọ̀? Ṣé ẹ gbà? Ẹ ṣèlérí.”

Ráìmì ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ èmi nìkan ló kù níwájú góòlù ńkọ́?”

Wàhábù yíjú sí àwọn yòókù. “Ṣé ẹ rí i? Wọn ò tíì gòkè tán.”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo já Ráìmì ní èékánná lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́, mo sì sáré fèsì. “A gbà, ẹ̀gbọ́n. Àwa méjèèjì ṣèlérí.”

Nígbà tí à ń lọ sílé, Ráìmì ní ìlérí tí òun ò bá lè mú ṣẹ, òun kì í ṣe é. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní ká sáà wọlé ná, bá a bá ti wọlé, ìyẹn di tìgbà yẹn. Ó rìn títí, ó wá ní, “Ó ti dáa. Bó o ti ṣe é fún mi yẹn, mo ti ṣe é.”

Lọ́jọ́ eré náà, máyò tí wọ́n fún wa gùn dé orúnkún, Bàbá Sùlé sì fi abẹ́rẹ́ ká a sókè fún wa. Ọkùnrin Kútọnu jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi dógóyárò, ìwé kékeré wà lórí itan rẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ráìmì gba bọ́ọ̀lù tí àrà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ẹ̀gbọ́n kan pè é, ó sì fún un. Nígbà tó kù díẹ̀ kí onífèrè fọn fèrè ìsinmi, ó gé ẹni méjì kọjá, ó tan asọ́lé títí ìyẹn fi dùbúlẹ̀. Góòlù ṣófo níwájú rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ti gbé sókè. Ìgbà náà ni Wàhábù ké láti ẹ̀yìn pé, “Gbé e wá!”

Ráìmì dúró. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó sì yí bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn fún Wàhábù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan fún àgbà. Wàhábù gbá a, ó fò kọjá lókè, ó lọ bọ́ sídìí ìyá alákàrà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà ìsinmi, wọ́n fún wa ní ọsàn tiwa. Ráìmì kò jẹ tirẹ̀.

Àwọn tí à ń bá gbá ti gbá kan wọlé kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ ní ìdajì kejì. Mo sáré. Eré nìkan ni mo mọ̀, mo sì sá a dáadáa. Nígbà tó ku èmi àti asọ́lé, mo gbọ́ Wàhábù lápá ọ̀tún mi. “Gbé e wá! Àbúrò, gbé e wá!” Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí, mo gbọ́ méjèèjì kedere. Mo gbá a. Ó wọlé. Ariwo sọ, ìyá alákàrà fi àkàrà sílẹ̀ sínú epo, Wàhábù fúnra rẹ̀ ló gbé mi sókè. Ẹni tó gbá a wọlé, ta ni yóò bi í léèrè ìlérí? Ọ̀mì ni a ta lọ́jọ́ náà, àwa náà la sì gbẹ̀yìn nínú ìdíje.

Ọkùnrin Kútọnu kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀. Nípa Ráìmì, ó sọ fún Bàbá Sùlé pé, “Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ bọ́ọ̀lù, vrémà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò láyà níwájú góòlù.” Bàbá Sùlé la ẹnu. Ó wo Wàhábù, ó wò mí, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Èmi náà wà níbẹ̀, mo lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àyè kan ṣoṣo ló kù, mo sì dákẹ́.

Ráìmì ló gbé àpò mi dé ìdíkọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló gun lọ́rì àlùbọ́sà. Ní tèmi, ọdún méjì péré ni mo lò níbẹ̀. Eré sísá lásán ò tó wọn. Àwọn tó ní òye ni wọ́n ń wá. Wọ́n dá mi padà, mo parí ìwé mi, mo di olùkọ́ eré ìdárayá, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Sùlé ti kú. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá Zongo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó bá ń gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, kọjá níbẹ̀ kò lè mọ̀ pé awọ orúnkún wa wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ń pe ẹ̀gbọ́n yín lórúkọ bẹ́ẹ̀ lórí pápá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lẹ sì ń mú gòkè, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bínú sí i. Èmi kì í bínú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é ni, ẹsẹ̀ òsì Ráìmì ì bá ti gbé e dé ibi tí orí rẹ̀ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìlànà àtijọ́ yẹn nìkan ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìlànà kan náà ló ká èmi àti òun mọ́. Ẹ̀rù ojú àwọn ènìyàn kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ojúkòkòrò kò yí padà.

Ráìmì ṣì wà láyé. Malanville ló ń gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ti lọ sínú iṣẹ́ lọ́rì. Ní Iléyá tó kọjá, ó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ kan wá kí mi, ọmọ tí bọ́ọ̀lù ti wọ̀ lórí. A jẹ ẹran, a sọ̀rọ̀ àtijọ́. Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ àgbà pé, “Kí ló dé tí wọ́n fi mú ọ̀rẹ́ yín lọ sí Kútọnu tí wọn ò mú yín?”

Ráìmì rẹ́rìn-ín. “A ti ṣèlérí fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa pé bí wọ́n bá pe bọ́ọ̀lù, a ó fún wọn. Èmi gbọ́ tèmi. Bàbá tó o rí yìí ò gbọ́ tirẹ̀, torí ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní ó gbọ́ ni, ì bá fún wọn. Òun ló ṣèlérí lórúkọ àwa méjèèjì.”

Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ń retí kí n fi nǹkan kún un. Ráìmì náà ń wò mí, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

Mo ní, “Òótọ́ ni. Ariwo pọ̀.”