Ẹ̀rín Táyé

Mo ti ya fọ́tò kọ́máńdà tó ń ṣàkóso ìlú rí, mo ti ya ọkọ tó kọ̀ láti wo ìyàwó rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí ládùúgbò Misẹ̀bó láyé àwọn Faransé ni fọ́tò ìbejì. Kì í ṣe àwọn tó pé méjì o. Àwọn tí ọ̀kan ti lọ nínú wọn ni, torí ẹnu wa kì í gbà á ká ní ìbejì kú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: màá fi páálí dúdú bo ìdajì ojú ẹ̀rọ fọ́tò, màá ya ọmọ tó kù ní apá kan àga. Á sún sí apá kejì, màá yí páálí padà, màá tún un yà sórí gíláàsì kan náà tó ń gba àwòrán. Tí fọ́tò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn.

Ìyá Ìbejì, ọmọ Àgùdà tó ń ta aṣọ nítòsí mi, ni oníbàárà mi tó pẹ́ jù. Ibà ló mú Táyé rẹ̀ lọ, nígbà tí kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, á mú Kẹ́hìndé wá, kí Táyé lè máa dàgbà lọ nínú fọ́tò. Ọlọ́yàyà ni Táyé, nítorí náà Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín ní apá Táyé. Tó bá dé apá tirẹ̀, kó fajú ro díẹ̀, kí wọ́n má baà jọra jù. Tí obìnrin náà bá gba fọ́tò, á máa fọwọ́ pa á lára, á dúpẹ́ títí, èmi náà á máa nu ojú bíi pé èéfín kó sí i. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ọdún tí ọmọ náà gba kọmúníọ̀ àkọ́kọ́, tòun taṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sí apá Táyé, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

“Màmá, nínú gbogbo fọ́tò ilé wa, Táyé ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà láyé ni mo dà bí òkú.”

Mo yọrí lábẹ́ aṣọ ẹ̀rọ mi. Ìyá rẹ̀ ń wo ibi tó ṣófo lórí àga, omi ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, n kò kàn mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Obìnrin náà ní:

“Bàbá Fọ́tò, ẹ gbé páálí yẹn sílẹ̀. Ẹ ya Kẹ́hìndé nìkan.”

Mo ní kí ọmọ náà sún sáàárín, kó rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màmá, báwo ni ẹ̀rín tèmi ṣe máa ń rí?”

Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti ń yà á láti kékeré, n kò mọ̀ ọ́n.