Ẹ̀jẹ̀ Tí Ìyá Mi Fi Rán Mi

Ìyá mi ló rán mi sí ilé ìlera alábọ́dé tó wà ní Ìlódè, pé kí wọ́n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru òun lára mi.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà náà o, mi kì í ṣe ọmọdé. Mo bá a jiyàn títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ní, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kọ́ ló wà lára rẹ ni? Àbí ọjà lo ti ra tìẹ?” Mo lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ jáde. Oṣù mẹ́jọ tí bàbá mi ti kú, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ ọjà. Á bu oúnjẹ bàbá mi sínú àwo rẹ̀, á sì máa bínú bí mo bá jẹ ẹ́. Mo sì máa ń jẹ ẹ́. Ó ń rù, kì í sùn, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi pé òun náà fẹ́ lọ. Bí mo bá ní ká lọ rí dókítà, á ní ṣé mo fẹ́ káwọn ará àdúgbò máa sọ pé orí òun ti dàrú ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní tèmi dára. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ìdí tí màmá kò fi wá fúnra wọn, mo sì rò fún un látòkèdélẹ̀.

Ó ní, “Lọ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò pé. Kí wọ́n gbé èyí tó kù wá.”

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni kò pé?” Ìyá mi gbaná jẹ nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wẹ̀, ó fi ẹ̀gbà páńdà sí ọwọ́, ó sì ṣáájú mi jáde. Nígbà tí a dé ilé ìlera, ẹnikẹ́ni kò tíì kí i tó fi na apá sí nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Àwọn ìyá ọmọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin fífún ọmọ lọ́mú, àwọn ọmọ ń ké bí ẹni pé wọ́n ń bá wọn jà.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ga díẹ̀, kò burú. Oorun yín ńkọ́, Màmá?”

Ìyá mi yanu láti bá a jà, ẹkún ló jáde. Ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ọkùnrin yẹn jà torí pé ó ń hanrun. Ilé ti wá dákẹ́ báyìí, mi ò lè sùn mọ́.”

Ojú tì mí. Oúnjẹ ni mo ń jẹ, mi ò béèrè rí.

Nọ́ọ̀sì ní, “Orí yín kò dàrú, Màmá. Ìbànújẹ́ ló wọ̀ yín lára. Ẹ máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ká máa wo ẹ̀jẹ̀, ká sì máa sọ ohun tó ń dùn yín. Ẹ jókòó ná, kí n kọ káàdì yín.”

Kó tó kọ ọ́ tán, ìyá mi ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì, láàárín gbogbo ariwo yẹn. Ó hanrun débi pé ọmọ kan dákẹ́ ẹkún, ó ń wò ó. Mo fẹ́ jí i, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó jí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Ta ló ń hanrun níbí?”

Mo ní, “Bàbá mi ni.”

Ó tẹjú mọ́ mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ni mi ò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.