Ojú Ìyìnolúwa àti Ọṣẹ Tó Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní Ùsì-Èkìtì, ẹni tó bá béèrè ilé àwọn ọlọ́ṣẹ, èéfín ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀lé. Ẹ̀yìnkùlé ilé Ògúndélé ni yóò já sí. Abíọ́dún, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nílé náà, àti àbúrò rẹ̀, Ìyìnolúwa, ni ìyá wọn fi iṣẹ́ ọṣẹ dúdú lé lọ́wọ́. Wọn a sá èèpo kòkó kó gbẹ, wọn a sun ún di eérú, wọn a sẹ́ omi eérú náà, wọn a sì sè é títí yóò fi le dáadáa kí wọ́n tó dà á mọ́ àdí. Omi yẹn kì í ṣe ohun eré. Bó bá ta sí ni lára, awọ ibẹ̀ á bó.

Wọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wá ṣọdún Kérésì nílé, ó sì kó ọṣẹ díẹ̀ dání lọ. Àwọn tó fún níbẹ̀ ń béèrè sí i. Báyìí ni páálí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti Ùsì sí òkè òkun. Lọ́dún 2004, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìpara ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun fẹ́ ọjà ńlá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé Èkó kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù," ni Ìyìnolúwa wí. "Òjò ṣì ń rọ̀, èèpo kòkó ò gbẹ. Agbára wa ò ká a."

"Ṣé àwọn ará Ùsì nìkan la ó máa ta ọṣẹ fún títí ayé ni?"

Abíọ́dún kò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó ti sọ fún Wọlé pé wọ́n á ṣe é.

Àṣà wọn ni láti jẹ́ kí omi eérú tutù kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Ní ọ̀sán tó ku ọ̀la kí mọ́tò wá kẹ́rù, ìkòkò kan ṣì ń hó. Abíọ́dún gbójú wo oòrùn.

"Gbé e bẹ́ẹ̀, jàre."

Ìyìnolúwa wò ó. Ó fi àkísà di etí ìkòkò mú, ó sì gbé e. Òjò ti rin ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Omi tútù ni wọ́n ń dà sí i lójú títí mọ́tò fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìdó-Èkìtì. Dókítà ṣe é títí. Ó ní ojú ọ̀tún yóò ríran, ti òsì ti lọ.

Abíọ́dún ní kí ẹrù má lọ mọ́. Ìyá wọn ló kọ̀.

"Uṣẹ́ tó ti gba ojú ọmọ mi, ṣé kó tún wá bàjẹ́ sínú ulé ni? Ẹ gbé e lọ."

Ọjà náà tà. Nígbà tí Wọlé pè lórí fóònù tó ń kí Abíọ́dún kú oríire, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ń kí kú oríire níbi òkú. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Bí àlejò bá wá kí Ìyìnolúwa kú ewu, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀." Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì ń gún Abíọ́dún lọ́kàn. Ì bá sàn fún un bí àbúrò rẹ̀ bá ṣépè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá dìde láti lọ gba ara Olúwa, òun a jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tọ àbúrò rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Mo fẹ́ fi ọjà òkè òkun sílẹ̀. Nítorí ojú rẹ."

"Ìyẹn ò ní dá ojú mi padà. Mo ní kí ẹ bẹ obìnrin yẹn kó ní sùúrù, ẹ ò dá mi lóhùn. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Nítorí ojú lẹ ṣe ń bẹ̀ mí, ẹ ò tíì bẹ̀ mí nítorí ìyẹn."

Abíọ́dún bẹ̀ ẹ́ nítorí ìyẹn, omijé kò jẹ́ kó lè parí ọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ ọjà, èmi ni kí ẹ ní kó bá sọ̀rọ̀."

Lọ́dún kejì, Wọlé pè pé ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ ọjà tó ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, kíákíá. Abíọ́dún na fóònù sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ ní kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn," ni Ìyìnolúwa wí.

Ọkùnrin náà kò dúró. Ó lọ rà á lọ́dọ̀ àwọn ará Gánà. Obìnrin Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ gbà láti máa dúró, ó sì ń rà á lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan di bí a ti ń wí yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìròyìn Amẹ́ríkà dé, Abíọ́dún lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó sunkún. Ojú àbúrò rẹ̀ kọ́ ló ń sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjà tó bọ́ ló ń dùn ún. Nígbà tó yé e pé ẹkún ọjà lòun ń sun, ojú tì í débi pé kò lè wọlé lọ jẹun.