Bí Mo Ṣe Fọ Ìgò Lọ́fíńdà Màmá

Èmi ni mo fọ ìgò náà. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn ni mo fi fọ̀ ọ́, mo da iyanrìn díẹ̀ sí i nínú kí ó lè mọ́ kanlẹ̀, mo sì tún sá a sóòrùn. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Iṣẹ́ òmùgọ̀, ẹnìkan kì í rán'ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà tún sọ sí mi lọ́kàn. Mo kírun tán, mo ń bọ̀ ní òpópónà Adéníji Adélé, ni ọmọkùnrin kan bá fi èjìká gbún mi kọjá láàrin èrò. Òórùn ara rẹ̀ dá mi dúró bí ẹni tí wọ́n di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Lọ́fíńdà ilé wa ni! Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ráyè kọjá jàre!" Wọn ò mọ̀ pé bàbá ti di ọmọ kékeré mọ́ wọn lójú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń po lọ́fíńdà olóróró tí àwọn èèyàn fi ń para lọ sí ìrun Jímọ̀. Ẹnu ọ̀nà agboolé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, o ò lè lọ ra búrẹ́dì kí o má gbé òórùn rẹ̀ dání. Ní ilé kéwú, Alùfáà ti máa ń mọ̀ pé a ti dé kí a tó yọjú. Ìgò ńlá ọlọ́rùn gígùn kan ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùkù àgbàdo ni ìdérí rẹ̀. Màmá kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Bó bá ku díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á po tuntun lé e, bí ẹni fi omikan àná sí ògì òní. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ìgò yẹn ti wà níbẹ̀ látọwọ́ ìyá tó bí àwọn.

Èmi nìkan ni ọkùnrin láàrin àwọn ọmọ-ọmọ wọn, nítorí náà ẹbí ti pín ṣọ́ọ̀bù fún mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń nùdí. "Olówò wa!" ni Bàbá Kékeré, àbúrò Màmá, fi ń kí mi láràárọ̀. Ìjàǹbá kan ló wà níbẹ̀: lọ́fíńdà máa ń mú mi sín. Bí Màmá bá ní kí n dijú, kí n gbóòórùn òróró, kí n sọ èyí tó wá láti ara igi àti èyí tó jẹ́ ti òdòdó, sísín ni màá máa sín, títí òróró á fi ta sí wọn lójú. Rábì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á sì ti dáhùn láti ibi tó ti ń gbálẹ̀ níta.

Nígbà tí ọdún Ìtùnú ku ọ̀túnla, gbogbo agboolé ń fọ nǹkan. Wọ́n fọ ẹní, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n fọ èmi pàápàá. Màmá lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra ìgò wẹ́wẹ́. Ni èmi olówò bá ní kí n ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí Rábì fi máa dé, ìgò ti ń dán yanran.

"O fọ kí ni?"

"Ó dọ̀tí ni."

"Yéè! O ti fọ ìyá Màmá dànù!"

Mo pinnu láti sá lọ sí Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ n kò dá afárá kọjá rí. Ẹ̀yìn àgbá omi ni ìrìn àjò mi parí sí. Níbẹ̀ ni mo ti ń yọjú wo Rábì. Ó fa ìborùn Màmá tí wọn ò tíì fọ̀, tí òórùn lọ́fíńdà ṣì wà lára rẹ̀, yọ lórí okùn, ó ti imú bọ̀ ọ́. Ó kán òróró díẹ̀ sínú ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí, ó tún padà sídìí ìborùn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí wọ́n fi pe ìrun Alàásárì.

Màmá dé, wọ́n ṣí ìgò, wọ́n fi díẹ̀ pa ọrùn ọwọ́. Wọ́n gbé e símú, wọ́n tún gbé e símú.

"Ta ló po èyí?"

Rábì ń fi ìborùn pamọ́ sẹ́yìn. Èmi sì sín lẹ́yìn àgbá.

Wọn ò nà mí. Àwọn oníbàárà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n rà á tán, ẹnìkan ò ráhùn. Lẹ́yìn ọdún, Màmá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Rábì lọ́wọ́. Bàbá Kékeré fò dìde pé kí ló dé, ọkùnrin ń bẹ nílé! Ohun tí Màmá fi dá wọn lóhùn kò kúrò létí mi títí dòní.

Rábì ti darúgbó báyìí. Rọ́bà ti gba ipò ṣùkù àgbàdo, wọ́n ti wó agboolé, wọ́n kọ́ ilé alájà sí i, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọlọ́kadà ló ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Rábì gba kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo ń fọ ìgò wẹ́wẹ́, mo sì ń sín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà dé. Súlè, àkọ́bí Rábì, tó ń polówó ọjà lórí fóònù, ní òun lọkùnrin, òun ni ṣọ́ọ̀bù tọ́ sí. Sìdí àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń po lọ́fíńdà, omi kàn lé ròrò sí i lójú. Wọ́n ní kí èmi àgbà dájọ́.

Ìpàdé ẹbí ń bà mí lẹ́rù ju òkùnkùn lọ. Mo kọ́kọ́ sín ná. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí Màmá sọ fún Bàbá Kékeré lọ́jọ́sí fún wọn, ọ̀rọ̀ tó mú kí Súlè tẹrí ba:

"Imú ló ń jogún ṣọ́ọ̀bù yìí, kì í ṣe irùngbọ̀n. Ẹ fi ọkọ mi kékeré sílẹ̀ kó máa fọ ìgò. Ìyẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe."